Fóònù olójú fífẹ̀ tí kò wọ́n: kí ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó sanwó?

Ọmọ Ìtòkú béèrè:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ orí wọn ti kọjá 60, ojú wọn kò sì ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà kan, àwọn oníbàárà ni ó máa ń wá sí ìsọ̀. Ní báyìí, àwọn tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn a ní kí wọ́n fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọn a san owó sí báǹkì, ìyá mi a sì ka alẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó di ẹrù fún ẹni tí yóò gbé e lọ sí gáréèjì. Fóònù tí wọ́n ń lò kéré lójú débi pé wọ́n ní láti pe ọmọ ìsọ̀ kejì kí ó wá bá wọn ka iye owó tó wọlé. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, nítorí iye tí ènìyàn ní ní báǹkì kì í ṣe ohun tí gbogbo ọjà ń gbọ́.

Mo fẹ́ ra fóònù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n agbára mi kò ká èyí tó wọ́n. Méjì ni mo ti ń wò: Redmi 14C, tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 6.88, àti Samsung Galaxy A06, tí ojú tirẹ̀ jẹ́ íǹṣì 6.7. Ọdún 2024 ni àwọn méjèèjì jáde. Ṣé èyí tí íǹṣì rẹ̀ pọ̀ jù ni kí n kúkú rà, àbí ohun mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ wò? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Atúnfóònùṣe, Ìkẹjà, dáhùn:

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ó dára tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá wa ní Computer Village ni ó jẹ́ pé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara páálí nìkan ni wọ́n wò.

Íǹṣì tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe ìbú ojú fóònù. Láti igun kan lókè dé igun òdìkejì rẹ̀ nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Bí àwọn tó ṣe fóònù bá fà á gùn díẹ̀, íǹṣì rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ìbú rẹ̀ lè má fẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo méjèèjì tí ẹ dárúkọ. Ojú Redmi 14C ní pixel, ìyẹn àwọn ẹ̀là kékeré tí àwòrán ojú fóònù fi ń hàn, 720 ní ìbú àti 1640 ní gígùn. Ti Galaxy A06 ní 720 ní ìbú àti 1600 ní gígùn. Bí ẹ bá fi èyí ṣe ìṣirò pẹ̀lú íǹṣì wọn, ìbú ojú Redmi jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 70.3, ti Samsung sì jẹ́ nǹkan bíi 69.8. Ìdajì mìlímítà péré ni ó wà láàárín wọn. Gígùn ni Redmi fi ju ekejì lọ, pẹ̀lú nǹkan bíi mìlímítà 5. Ìbú ni ó sì ń pinnu bí lẹ́tà ṣe lè tóbi tó kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí ìlà kejì. Gígùn kàn ń fi ìlà kan tàbí méjì kún un nísàlẹ̀ ni. Nítorí náà, ní ti kíka alẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì.

Ní ti bí lẹ́tà ṣe ń mọ́ kedere sí, pixel tó wà nínú íǹṣì kan jẹ́ nǹkan bíi 260 lórí fóònù méjèèjì. Èyí tí ó bá ní pixel 1080 ní ìbú, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 6.7, yóò tó nǹkan bíi 390. Galaxy A05s jẹ́ irú èyí. Bí ẹ bá rí i ní iye tí kò jìnnà sí ti A06, ẹ wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé kí ẹ tìtorí rẹ̀ yá owó, nítorí lẹ́tà wẹẹrẹ ni pixel púpọ̀ máa ń gbè jù, lẹ́tà ńlá sì ni ìyá yín yóò lò.

RAM, ìyẹn ibi tí fóònù ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù lọ. Ẹ óò rí páálí fóònù tí wọ́n kọ GB 8 sí ní gàdàgbà, tí àwọn lẹ́tà kéékèèké abẹ́ rẹ̀ yóò sì sọ pé 4 àti 4 ni. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ojúlówó RAM. Mẹ́rin kejì jẹ́ apá kan nínú ibi tí fóònù ń kó àwòrán àti fídíò pamọ́ sí, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí ó máa ṣe bíi RAM. Ibi ìpamọ́ tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí kò wọ́n, èyí tí wọ́n ń pè ní eMMC, lọ́ra ju RAM lọ lọ́nà tó ga, nítorí náà kò lè ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni pé ìyá yín yóò wà nínú WhatsApp, wọn yóò bọ́ sínú áàpù báǹkì láti wo owó tó wọlé, nígbà tí wọ́n bá sì padà, WhatsApp yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn àwòrán tí wọ́n ti yàn sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́ yóò sì ti pòórá. Fóònù méjèèjì yìí ní irú tí ojúlówó RAM rẹ̀ jẹ́ GB 6. Òun ni kí ẹ wá, kí ibi ìpamọ́ rẹ̀ sì jẹ́ GB 128, nítorí àwòrán aṣọ máa ń kún fóònù kíákíá, ètò Android fúnra rẹ̀ sì ti gba èyí tó pọ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó ya àwòrán kan ṣoṣo.

Olùkọ́, Òṣogbo, dáhùn:

Mo kí gbogbo yín. Mo gba ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa ìbú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a má ṣe fojú tín-ín-rín gígùn. Nínú Settings, ibi méjì ló wà tí a ti ń mú nǹkan tóbi. Ti àkọ́kọ́ ń mú lẹ́tà nìkan tóbi. Ti èkejì, tí Samsung ń pè ní Screen zoom, ń mú ohun gbogbo tóbi, àwòrán àti bọ́tìnnì pẹ̀lú. Bí a bá fa méjèèjì dé òpin, bọ́tìnnì tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ nínú àwọn áàpù báǹkì kan máa ń sá sí ìsàlẹ̀ tàbí kí ó kúrò lójú pátápátá, nítorí àwọn tó kọ áàpù náà kò ro ti ẹni tó ń lo lẹ́tà ńlá. Mìlímítà 5 yẹn máa ń wúlò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi fi fẹ́ Redmi 14C fún àgbàlagbà. Èyí tó wù kí ẹ mú, lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú tóbi, kí ẹ wo bí ó ṣe rí nínú áàpù báǹkì tí ìyá ń lò gan-an, kí ẹ tó fọwọ́ kan ekejì.

Ohun kejì ni oòrùn. Ìsọ̀ Ìtòkú kì í ṣe inú yàrá. Inú ibòji ni gbogbo fóònù ti máa ń dára nínú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ iná wọn, pẹ̀lú fídíò aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ti tò sí i. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, kí ẹ fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òkè pátápátá, kí ẹ sì ṣí ọ̀rọ̀ àtẹ̀ránṣẹ́ kan kà láìfi ọwọ́ ṣíji bò ó. Bí ẹ̀yin tí ojú yín ṣì dá ṣáṣá bá ní láti dín ojú kí ẹ tó kà á, ẹ mọ̀ pé ìyá kò ní rí nǹkan kan. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú ìyá fúnra wọn lọ, kí wọ́n sì wọ awò ojú tí wọ́n máa ń wọ̀ ní ìsọ̀.

Ẹ tún lè fi Gboard sí i, kí ẹ sì yan èdè Yorùbá nínú rẹ̀. Ó ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Ìyá tó bá ń kọ orúkọ aṣọ àti orúkọ oníbàárà lórí fóònù yóò gbádùn rẹ̀.

Ọmọ Ìtòkú tún kọ̀wé:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn kò tilẹ̀ sí lọ́kàn mi rárá. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà sọ pé fóònù olójú fífẹ̀ kò wọ́n lọ́dọ̀ àwọn, pé òun lè fi ọ̀kan ránṣẹ́. Ṣé ó tọ́ kí n dúró de ìyẹn? Èkejì, ìyá mi máa ń kérora pé aró wọn kì í rí bó ṣe rí nínú àwòrán, pé oníbàárà a gba aṣọ tán, a ní kì í ṣe àwọ̀ tí òun rí nìyẹn. Ṣé kámẹ́rà àwọn fóònù yìí lè mú un sàn?

Ará Peckham, Lọ́ńdọ̀nù, dáhùn:

Àbúrò, ẹ bá mi kí màmá. Ẹ má ṣe dúró de ti Amẹ́ríkà àyàfi bí ẹ̀gbọ́n yín bá lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun méjì. Àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú àwọn fóònù tí kò wọ́n níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó ń ta síìmù ti tì pa mọ́ ara síìmù tiwọn. Bí ó bá dé Abẹ́òkúta, kò ní gba síìmù MTN tàbí Airtel títí wọn yóò fi tú u. Èkejì, ìgbì tí àwọn fóònù tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń gbà kì í bá ti Nàìjíríà mu tán. MTN ń lo 800 MHz, èyí tí wọ́n ń pè ní Band 20, fún 4G, ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà nìkan ni kò sì ní i. Fóònù náà lè pe ènìyàn, kí ó sì máa fi 3G falẹ̀ níbi tí ti ọmọ ìsọ̀ kejì ti ń fi 4G sáré.

Ti Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín yàtọ̀ díẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ níhìn-ín, ti fòfin de títa fóònù tí a tì pa mọ́ síìmù kan, a sì ń lo Band 20 níhìn-ín pẹ̀lú. Orí ṣájà wa tilẹ̀ bá ihò iná Nàìjíríà mu. Síbẹ̀, èmi kì í fi fóònù tuntun ránṣẹ́ sílé mọ́, nítorí wáráńtì kì í sábà tẹ̀ lé fóònù kọjá òkun. Owó ni mo ń fi ránṣẹ́, kí àwọn ará ilé rà á níbi tí wọ́n ti lè dá a padà bí ó bá ní àbùkù. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Owó yẹn lè jẹ́ ohun tí yóò gbé yín láti RAM 4 dé 6.

Aláṣọ, Balógun, dáhùn:

Ọmọ mi, èmi náà ń ta aṣọ, mo sì mọ ohun tí ìyá rẹ ń sọ. Àwọn fóònù méjèèjì yìí ní kámẹ́rà megapixel 50, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ojú kámẹ́rà tí ó wà lẹ́yìn wọn ni ó ń ṣe iṣẹ́ tòótọ́. Má ka iye ojú tí ó ní rárá. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti tó, àwòrán wọn yóò dára tó fún títa aṣọ. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti tó, kò sí èyí tí yóò dára nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ aró jẹ́ ọ̀tọ̀. Àwọ̀ ẹlú dúdú ṣòro fún kámẹ́rà. Bí o bá tẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ó ti mu aró dáadáa síwájú kámẹ́rà, tí ó sì jẹ́ pé aṣọ yẹn nìkan ni ó kún ojú rẹ̀, kámẹ́rà yóò rò pé ibi tí ó wà ṣókùnkùn ni, yóò fi ìmọ́lẹ̀ kún un fúnra rẹ̀, aró tí ó dúdú mininjọ yóò sì di búlúù tí oòrùn ti pa. Iná funfun inú ìsọ̀ náà tún máa ń yí i padà. Kí màmá gbé aṣọ sí abẹ́ ibòji níta, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ta sí i lára tààrà, kí wọ́n fi ìka tẹ ibi tí aró ti dúdú jù lójú fóònù, kí wọ́n sì fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ síbẹ̀ wá sílẹ̀ títí aṣọ inú fóònù yóò fi bá èyí tó wà níwájú wọn mu. Kí wọ́n tẹ́ ìwé funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú àwòrán, kí oníbàárà lè rí ohun tí yóò fi wé e. Kí wọ́n sì nu ojú kámẹ́rà kí wọ́n tó yà á, nítorí ọwọ́ aláró kì í gbẹ.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́, kí wọ́n tẹ HD lókè àwòrán náà nínú WhatsApp. Bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́, WhatsApp yóò fún àwòrán náà pọ̀, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára ẹlẹ́kọ yóò sì dàrú. Dátà tí yóò jẹ yóò pọ̀ díẹ̀, àmọ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀ fún aṣọ tí a fẹ́ tà.

Atúnfóònùṣe, Ìkẹjà, tún dáhùn:

Ẹ ṣeun, màmá. Olùkọ́, mo gbà pẹ̀lú yín lórí bọ́tìnnì báǹkì, òótọ́ ni. Síbẹ̀ Galaxy A06 ni èmi yóò fún ìyá tó ń ta aṣọ, nítorí ọwọ́ ni mo ń rò. Redmi 14C gùn tó sẹ̀ǹtímítà 17.2, ó sì wúwo ju gíráàmù 200 lọ. A06 gùn tó 16.7, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 189. Ẹni tí ó fi ọwọ́ kan di etí aṣọ mú, tí ó ń fi ọwọ́ kejì ya àwòrán rẹ̀, yóò mọ ìyàtọ̀ yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Fóònù tó bá kọjá ọwọ́ ẹni máa ń já bọ́, àwọn tó já bọ́ ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí à ń tún ṣe.

Bátìrì wọn kò jìnnà síra: 5160 mAh ni ti Redmi, 5000 ni ti Samsung. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń yára gba iná. Wọ́ọ̀tì 18 ni Redmi ń gbà, Samsung ń gbà 25. Níbi tí iná mànàmáná ti ń wá fún wákàtí díẹ̀ tí ó sì ń lọ, èyí ṣe pàtàkì ju 160 mAh yẹn lọ. Àmọ́ o, kò sí orí ṣájà nínú páálí A06. Ẹ gbọ́dọ̀ fi owó orí ṣájà tó tó wọ́ọ̀tì 25 kún owó fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wáyà rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì jẹ́ Type-C. Bí ẹ bá fi orí ṣájà àtijọ́ gba iná sí i, yóò máa falẹ̀, ẹ óò sì rò pé fóònù ni kò dára.

Kí ẹ tó ra fóònù èyíkéyìí, ẹ béèrè iye tí ojú rẹ̀ jẹ́ bí ó bá fọ́. Ojú fífẹ̀ ni à ń sọ, òun náà ni ó sì máa ń kọ́kọ́ fọ́. Ojú LCD ni méjèèjì yìí ní, èyí tí ó dín lówó sí AMOLED nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Fóònù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ni ẹ̀yà ara rẹ̀ máa ń wà ní gbogbo ìlú. Ìdí kan nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń ra Tecno, Infinix àti itel: ilé-iṣẹ́ kan náà, Transsion ti ìlú Shenzhen ní Ṣáínà, ni ó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Carlcare ni ó sì ń bá wọn tún un ṣe. Bí ẹ kò bá rí ẹni tí ó ní ojú A06 tàbí ti 14C ní Abẹ́òkúta, ẹ gbé àwọn yẹn yẹ̀ wò.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí wọ́n já ìdè páálí lójú yín. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ fi nọ́ńbà IMEI tó bá yọ, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù tí ó ní díjíìtì 15, wé èyí tó wà lára páálí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Lórí Samsung, ẹ tẹ *#0*#, kí ẹ yan àwọ̀ pupa, ewé àti búlúù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àmì kékeré kan bá dúró tí kò bá ìyókù yí àwọ̀ padà, ẹ gba òmíràn. Fún Redmi, *#*#6484#*#* ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ àmì áàpù kan mọ́lẹ̀, kí ẹ wọ́ ọ yí gbogbo etí ojú fóònù ká láìgbé ìka sókè. Bí ó bá já bọ́ níbì kan, ibẹ̀ kò gbọ́ ọwọ́ nìyẹn. Ẹ fi síìmù méjèèjì ìyá sí i, kí ẹ sì pe ènìyàn pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí ẹ bá ti parí àyẹ̀wò yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba fóònù náà lọ́wọ́ yín láti lọ bá yín fi gíláàsì sí i ní yàrá ẹ̀yìn. Níwájú yín ni kí wọ́n ti fi sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀, dáhùn:

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gba fóònù àtijọ́ lọ́wọ́ màmá, ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí Wi-Fi kan náà, kí ẹ sì lo Transfer chats nínú Settings WhatsApp. Fóònù tuntun yóò gbé àwòrán oníhò wẹẹrẹ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní QR code, jáde, ẹ óò fi kámẹ́rà ti àtijọ́ yà á, gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà yóò sì kọjá síbẹ̀. Áàpù báǹkì kì í kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn báǹkì kan máa ń dín iye tí ènìyàn lè fi ránṣẹ́ lóòjọ́ kù nígbà tí wọ́n bá rí fóònù tuntun, nítorí náà ẹ má ṣe pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí màmá fẹ́ sanwó fún ẹni tó ń kó aṣọ funfun wá fún wọn. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ Àìkú, kí ẹ forúkọ áàpù náà sílẹ̀ lójú wọn, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ nọ́ńbà àṣírí wọn, kí ẹ̀yin náà sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má ṣe pa ohunkóhun rẹ́ lórí ti àtijọ́ títí wọn yóò fi gba owó kan, tí wọn yóò sì fi owó kan ránṣẹ́ lórí tuntun láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.